Àwo orin Bàbá ti bu, kí ni kí n fi nù ún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bàbá wa tó di olóògbé fi páálí àwo orin sílẹ̀ nílé wa ní Pàkátà, nílùú Ìlọrin. Ti Odòlayé Àrẹ̀mú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àwọn kan wúwo gan-an. Gbogbo wọn ti kún fún eruku, òmíràn ti bu. Wọ́n ní kí n fi spírítì nù wọ́n. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé spírítì yẹn sílẹ̀ ná. Àwo tó wúwo, tí wọ́n kọ 78 (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) sí láàárín, tó máa ń fọ́ bó bá já bọ́, shellac ni. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ni wọ́n fi ṣe é, spírítì sì ni àwọn káfíńtà fi ń yọ́ oje yẹn kí wọ́n tó fi kun àga. Bó bá kan àwo yín, ojú rẹ̀ á yọ́, orin á bá a lọ. Èyí tó fúyẹ́, tó ń tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n kọ 33 tàbí 45 sí, ike ni. Ìyẹn lè gba spírítì díẹ̀ tí a fi omi là, ṣùgbọ́n èmi kì í fi ti ọjà kàn án, nítorí wọ́n máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n o. Eruku ọyẹ́ Ìlọrin yìí, iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ló máa ha àwo. Ìta ni kí ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ bo imú nítorí èyí tó ti bu.

Omi wá kù. Omi kànga àti ti ẹ̀rọ máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ sínú ìlà àwo bó bá gbẹ, ìyẹn á sì máa ta pàràpàrà létí. Omi distilled tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò ni kí ẹ rà (ẹ yẹ ike rẹ̀ wò dáadáa, kó má lọ jẹ́ ásíìdì!). Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sí i, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí kì í tú fọ́nrán nù ún yípo, bí ìlà ṣe yí, ẹ má gba ọ̀nà ìdábùú. Kí omi má kan bébà àárín rẹ̀. Ẹ tún fi omi distilled lásán, tí kò ní ọṣẹ, nù ún. Ti shellac, ẹ má rẹ ẹ́ sómi rárá: ẹ nù ún kíá, ẹ gbẹ ẹ́ kíá.

Abẹ́ ibòji ni kí ẹ nà wọ́n ró sí. Oòrùn máa ń ká ike kò. Àpò tó ti bu, ẹ dà á nù.

Bí orin bá ṣì ń fò lójú kan náà lẹ́yìn èyí, ojú ibẹ̀ ti ha nìyẹn, fífọ̀ kò ràn án. Abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń kọ àwo 78 sì nípọn ju ti ike lọ. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní in, ẹ má tíì gbé àwọn tó wúwo yẹn sórí rẹ̀.