Eegun Ti So Pọ̀, Ẹsẹ̀ Kò Tíì Padà Sípò: Nígbà Wo Ni Mo Tún Lè Gun Kẹ̀kẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Eléyẹlé, ẹni ọdún 47 sì ni mí. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Apẹ̀tẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún yìí, ọlọ́kadà kan kọlù mí láti ẹ̀yìn ní Ìjọ́kòdó, eegun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ki irin gígùn kan bọ inú eegun náà. Oṣù márùn-ún ti kọjá báyìí. Dókítà wo àwòrán ẹsẹ̀ náà, ó ní eegun ti so pọ̀ dáadáa, kí n máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láìbẹ̀rù. Síbẹ̀, mo ṣì ń tiro, iwájú orúnkún máa ń dùn mí bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, itan ọ̀tún sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti òsì lọ. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ náà nínú ilé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn atoegun kí wọ́n bá mi fa ẹsẹ̀ náà. Èmi ní tèmi, kẹ̀kẹ́ mi ni mo fẹ́ padà sí. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe? Ìgbà wo ni, báwo ni mo sì ṣe máa bẹ̀rẹ̀? — Olùkọ́, Apẹ̀tẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o, Olùkọ́. A dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ló mọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ padà sórí kẹ̀kẹ́ yín, àní ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ yí i ní ọ̀sẹ̀ yìí bí dókítà yín bá ti fọwọ́ sí i. Títì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí n sì tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ohun tí dókítà sọ fún yín, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni ìdààmú yín ti bẹ̀rẹ̀.

Eegun nìkan ni dókítà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí eegun nìkan ni àwòrán náà lè fi hàn án. Ẹ fi ọwọ́ pa iwájú ojúgun yín wò: awọ ló bo eegun níbẹ̀, kò sí ẹran kankan láàárín wọn. Ibi tí ẹran kò sí, ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé gbogbo ohun tí eegun tó kán fi ń tún ara rẹ̀ mọ wá. Ìdí nìyẹn tí eegun ojúgun àgbàlagbà fi sábà máa ń gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó so pọ̀, tí ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí eegun bá yọ síta lára awọ tàbí bí aláìsàn bá ń mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni yóò kọ́kọ́ yí ojú ibi tó kán ká, ohun rírọ̀ bíi kèrékèré yóò rọ́pò rẹ̀, èyí yóò le di kókó eegun, lẹ́yìn náà ni ara yóò wá máa gbẹ́ kókó náà títí yóò fi dọ́gba, iṣẹ́ ìkẹyìn yìí sì lè ju ọdún kan lọ. Oṣù márùn-ún tí eegun yín fi so jẹ́ ìròyìn rere.

Ọ̀rọ̀ iṣan yàtọ̀. Iṣan tí a kò lò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ẹ̀yin sì ti fi oṣù púpọ̀ gbé ẹsẹ̀ yín sókè. Itan tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ó ń mú yín tiro. Oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ náà ti gan, ẹsẹ̀ kò sì tíì rántí bí ó ti ń dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá yẹ̀ lójijì. Ọdún 28 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu kò sì lè ka iye àwọn tó wá bá mi pẹ̀lú ìrònú pé iṣẹ́ abẹ wọn ni kò dára, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìdajì ìtọ́jú ṣì kù.

Ní ti orúnkún tó ń dùn yín, iwájú orúnkún ni wọ́n gbà ki irin yẹn wọlé. Ìrora tí ẹ ń sọ yìí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí a ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún, ìkúnlẹ̀ ló sì máa ń jí i. Ẹ fi tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún, tàbí kí ẹ jókòó gbàdúrà fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe àmì pé eegun fẹ́ tún kán.

Èmi kì í bú àwọn atoegun. Iṣẹ́ wọn ti wà kí ilé ìwòsàn tó dé, mo sì mọ àwọn tí ọwọ́ wọn dán lórí eegun tó kán láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n irin wà nínú ẹsẹ̀ yín, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tò níbẹ̀ mọ́, fífà àti títẹ̀ ibi tó kán kò sì lè dá iṣan padà. Mo ti tọ́jú ọmọdé kan rí tí a ní láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ọparun tí wọ́n so mọ́ ọn le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò ríbi gbà kọjá títí ẹsẹ̀ fi kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń sọ ọ́ láìfi bò: ibi yòówù tí a bá ti so ẹsẹ̀, bí ọmọ ìka bá tutù, tí ó ṣú, tàbí tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kí a tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ni ẹsẹ̀ yín ń fẹ́ báyìí. Ìbàdàn kò ṣàìní wọn. Ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, Yunifásítì Ìbàdàn sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè yìí.

Wàyí o, kẹ̀kẹ́. Yíyí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà lára ìdárayá tó dára jù fún ẹsẹ̀ tó ń kọ́fẹ padà, torí pé ìjókòó ló ń gbé ìwọ̀n ara, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ń ká wọ́n sì ń nà, kò sì sí ìkọlù bíi ti eré sísá. Ṣíṣubú ni ewu tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, orí kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní àwọn kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí ìdúró onírin wà lẹ́yìn wọn, èyí tó máa ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e ti ògiri, kí ẹnì kan dì í mú bí ẹ bá ń gùn ún. Bí tiyín kò bá ní irú rẹ̀, wẹ́dà àdúgbò lè jó ọ̀kan fún yín, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ìdí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa.

Ẹ wo bí orúnkún ti ń ká. Kí ẹsẹ̀ tó lè yí kẹ̀kẹ́ po tán, orúnkún gbọ́dọ̀ ká tó nǹkan bí 110 dígírì, èyí tó ju bí ó ti ń ká nígbà tí a bá jókòó sórí àga lọ. Bí tiyín kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, ẹ sì máa yí ẹsẹ̀ lọ síwájú àti sẹ́yìn ní ìlàjì títí yóò fi gbà. Ẹ má fi ipá tì í. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tó, láìsí ìnira kankan. Bí ó bá yá, ẹ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ fi tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, dípò iwájú rẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa pọ̀ jù fún ọrùn ẹsẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ẹ ṣe jù: bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí ó dùn ju ti àná lọ, ẹ dín in kù.

Kẹ̀kẹ́ nìkan kò tó. Ẹ di ògiri mú, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ka iye tí ẹ lè ṣe, ẹ ka ti ẹsẹ̀ òsì náà. Bí òsì bá ṣe 20, tí ọ̀tún kò ju 8 lọ, kò tíì yá. Àwa tí a ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ṣèṣe lè ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá ohun tí èkejì rẹ̀ lè ṣe. Ẹ máa fi tépù télọ̀ wọn itan méjèèjì lóṣooṣù, lójú ibì kan náà lókè orúnkún, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ojú kì í rí ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwé ló ń rí i.

Kí ló dé tí mo fi ní kí títì dúró? Láti ọdún 1972 ni a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tó jẹ́ ibi tí oníkẹ̀kẹ́ máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bí ọkọ̀ bá fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ló sì kán. Ọjọ́ tí dáńfó bá já wọ iwájú yín, ẹsẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀, lójijì, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara yín. Ẹ dán an wò nílé kí ẹ tó dán an wò ní Sángo. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìdi nǹkan mú. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan láìmì. Ẹ fò díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún náà nílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí láìsí ìrora, tí ẹ kò sì tiro mọ́, ẹ lè jáde.

Oṣù Keje la wà yìí, òjò ṣì ń rọ̀, omi sì ń bo ihò ojú títì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi oṣù méjì sí mẹ́ta ṣe iṣẹ́ inú ilé, yóò bọ́ sí ìgbà tí òjò ń lọ sílé, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ibi tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gùn ún, pápá ilé ẹ̀kọ́ yín ní òpin ọ̀sẹ̀ dára tó. Orí òkè ni ìlú wa yìí jókòó sí, nítorí náà ẹ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá àti ti Òkè Àrẹ̀mọ sílẹ̀ di ìgbà tí itan méjèèjì bá dọ́gba, ibi tó bá sì ga jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ wá akoto, aṣọ tó ń tàn, àti dígí kékeré tí ẹ ó fi máa wo ẹ̀yìn, torí pé ẹ̀yìn ni ìjàǹbá tó ṣe yín ti wá. Ìyàwó yín kò ṣẹ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ: àwọn ló sùn ní ilé ìwòsàn tì yín. Bí wọ́n bá rí yín lójoojúmọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò rìn, tí wọ́n sì rí dígí àti akoto náà, ọ̀rọ̀ yóò rọrùn láti bá wọn sọ.

Bí ẹ̀yìn ojúgun bá ṣàdédé wú, tí ó gbóná, tàbí tí mímí ń nira fún yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Bákan náà ni ibà pẹ̀lú ọyún lójú iṣẹ́ abẹ, tàbí ìrora tuntun gan-an lójú ibi tó kán.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 11, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ojúgun rẹ̀ sì kán. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti yọ POP, ìdè líle tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń sunkún pé kí n gbé kẹ̀kẹ́ òun fún òun. Ṣé kí n gbé e fún un? — Ìyá Ọmọ, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Eegun ọmọdé máa ń tètè so ju ti àgbà lọ, iṣan wọn sì máa ń padà láìjẹ́ pé a ń lé wọn. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń sáré tí kò mọ̀ pé ẹ ń wo òun: bí ó bá sáré tí ó sì fò láìtiro, tí dókítà sì ti fọwọ́ sí i, ẹ gbé e fún un nínú àgbàlá. Kí ó má tíì jáde sí títì fún oṣù kan sí i. Bí ibi tó kán bá sún mọ́ orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ fún ó kéré tán ọdún kan, torí ibẹ̀ ni eegun ọmọdé ti ń gùn sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún kejì rèé tí irin ti wà ní ẹsẹ̀ mi, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ láìsí wàhálà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní dandan ni kí n yọ ọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ Poli, Sángo.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan. Bí kò bá dùn ọ́, tí kò sì ní ọyún, o lè fi í sílẹ̀. Bí ìwọ àti dókítà bá pinnu láti yọ ọ́, mọ̀ pé ojú ihò tí wọ́n ti tú ìdè irin náà kò ní le bí ìyókù eegun fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà kí o béèrè lọ́wọ́ dókítà iye ọ̀sẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró nílé kí o tó tún gùn ún.