Èsì: Ọ̀pá 6 kò ní tó màmá àti àwọn ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ní ṣé ọ̀pá 6 aṣọ tí wọ́n ya orí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí yẹn á tó ìró àti bùbá màmá, kó tún kan àwọn ìbejì. Ẹ ra ọ̀pá 2 sí i.

Àwòrán tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń jẹ aṣọ. Bí ẹ bá ṣẹ́ aṣọ náà po léjìká bíi ti bùbá gbogbo, iwájú á dúró dáadáa, àwọn orí ẹ̀yìn á dorí kodò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi níbí ní Kétu ilẹ̀ Benin, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Ó dùn mí títí di òní. Ẹ gé iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ẹ wá rán wọn pọ̀ léjìká.

Ẹ fọ aṣọ náà kí ẹ tó gé e, aṣọ òwú máa ń súnkì.