Kí ló dé tí ìwé ìròyìn gìtá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí gìtá àtijọ́ sì ń gbówó lórí?

Owó ìpolówó ọjà ló ń gbé àwọn ìwé ìròyìn náà ró. Nígbà tí àwọn olùpolówó kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, agbára wọn tán. Guitar Player ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, dáwọ́ títẹ̀ sórí bébà dúró lọ́dún 2024; orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù sí. Ẹ̀kọ́ tí a máa ń fi oṣù kan gbáko dúró dè ti wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, téèyàn á máa wo ìka olùkọ́ lórí okùn.

Ní ti gìtá àtijọ́, ọjọ́ orí nìkan kọ́. CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, ra Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, lọ́dún 1965, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ gìtá sì gbà pé èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà náà ló dáa jù. Wọn ò sì lè pọ̀ ju iye tí wọ́n jẹ́ lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn Stratocaster, gìtá Fender kan, tí wọ́n ti ń ta okùn rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún: ọ̀dà ti bó níbi tí àtàǹpàkò ń gbà kọjá, igi ibẹ̀ wá ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Lójú tèmi, àpá yẹn gan-an là ń náwó lé. Fender fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: láti 1995 ló ti ń ha gìtá tuntun lára kó lè jọ ògbólógbòó.