Epicurus kọ́ ló ní ká máa jẹ ká máa mu

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo sanwó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Epicurus, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ohun tó fi kọ́ni ni pé ká máa jẹ, ká máa mu, torí ọ̀la la máa kú, àti pé ẹni tó ń fi owó pamọ́ ń fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n yáwó, kí n lọ jayé ní Dubai. Èwo nínú ìwé rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ kà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Màá dé orí ọ̀rọ̀ ìwé. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi, torí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ yín lórí ohun tí ọkùnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ takò.

Gbólóhùn “ẹ jẹ́ kí a máa jẹ, ẹ jẹ́ kí a máa mu” yẹn, inú Bíbélì ló wà. Pọ́ọ̀lù lò ó nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, inú Aísáyà orí 22 ló sì ti mú un, níbi tí wòlíì ti ń bá àwọn ará Jerúsálẹ́mù wí. Aísáyà ti wà láyé ju 300 ọdún lọ kí wọ́n tó bí Epicurus. Lóòótọ́ Pọ́ọ̀lù pàdé àwọn ọmọlẹ́yìn Epicurus ní Áténì, ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 17. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Erékùṣù Samos ni wọ́n ti bí Epicurus lọ́dún 341 ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tó yá, ó ra ilé àti ọgbà kan ní Áténì, ó ń kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀, ó sì gba obìnrin àti ẹrú mọ́ra. Búrẹ́dì àti omi ni oúnjẹ wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó fi wàràkàṣì ìkòkò kékeré kan ránṣẹ́, kóun lè rí nǹkan fi ṣe àsè nígbà tó bá wu òun. Wàràkàṣì ni àsè o! Nígbà tí ogun dó ti Áténì tí ebi ń pa ìlú, ẹ̀wà ni wọ́n ní ó ń kà ní hóró-hóró pín fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ó ní ìgbádùn ni òpin ohun tí ẹ̀dá ń wá. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò yìí máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Menoeceus, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, ó ṣàlàyé pé òun ò sọ ti ọ̀mùtí àti oníwọ̀bìà, òun ò sì sọ ti ẹja àti oúnjẹ olówó ńlá; ohun tóun ń wí ni kí ara má roni, kí ọkàn má sì dààmú. Bí ebi bá ti kúrò lára rẹ, tí ẹ̀rù ò sì bà ọ́, lójú tirẹ̀ o ti dé òpin ìgbádùn nìyẹn. Ohun tó o bá tún fi kún un, ó lè yí i padà, kò lè mú un ga sí i.

Ó pín ohun tí ọkàn ń fẹ́ sí mẹ́ta. Àwọn kan jẹ́ ti ẹ̀dá, wọ́n sì pọn dandan, bí oúnjẹ àti omi. Àwọn kan jẹ́ ti ẹ̀dá, àmọ́ a lè wà láìsí wọn, bí oúnjẹ aládùn. Ẹ̀kẹta kò ní òpin, òfìfo sì ni: òkìkí, adé, kí wọ́n gbẹ́ ère ẹni sí gbàgede ìlú. Kò ní ká sá fún oúnjẹ aládùn o. Bó bá dé, jẹ ẹ́. Ohun tó ní ká kọ̀ ni ìgbádùn tí ìnira rẹ̀ máa pọ̀ ju adùn rẹ̀ lọ. Wá bi ara rẹ léèrè ibi tí gbèsè elélèé nítorí Dubai bọ́ sí.

Orúkọ burúkú tí wọ́n fún Epicurus kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Timocrates, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ń sọ káàkiri pé ó máa ń jẹun yó débi pé ó ń bì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ní ti ikú, ó ní kò kàn wá: bí a bá wà, kò tíì dé, bó bá dé, a ò sí mọ́. Kí ọkàn lè balẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, kì í ṣe kí èèyàn máa sáré náwó. (Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ikú ni kì í jẹ́ kó o sùn, dókítà ni kó o lọ rí, má fi ìwé ṣe oògùn.) Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kú, tí òkúta inú kíndìnrín ń dá a lóró, ó kọ̀wé sí Idomeneus, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, pé ìrántí ọ̀rọ̀ tí àwọn jọ sọ ń fún òun láyọ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́jú àwọn ọmọ Metrodorus, ọ̀rẹ́ òun tó ti kú.

Ìwé wá dà? Wọ́n ní ó kọ ìwé tí wọ́n ń ká bí ẹní tó tó 300, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ti ṣègbé. Lẹ́tà mẹ́ta àti ọ̀rọ̀ ṣókí 40 tí Diogenes Laertius, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìsì, bá wa tọ́jú ló ṣe gbòógì nínú èyí tó kù. Lẹ́tà sí Menoeceus ni kó o kọ́kọ́ kà. Kò gùn, o lè kà á tán lójókòó kan.

N ò mọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ, nítorí náà n kò lè pinnu fún ọ bóyá kó o dúró tàbí kó o lọ. Ṣùgbọ́n má yá kọ́bọ̀ lórúkọ Epicurus. Béèrè owó rẹ padà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ yín yẹn, kó o sì tọ́jú rìsíìtì rẹ.