DSpace 6 sí 7: èyí tó máa tẹ̀lé yín àti èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní DSpace 6.3, sọ́fíwíà tí láíbìrì fi ń tọ́jú tísíìsì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni láíbìrì yín ní Ọ̀yọ́ ń lò, ẹ ti kùn ún ní àwọ̀ ilé-ìwé yín, ẹ ti fi àyè orúkọ súpáfáísọ̀ kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé tísíìsì sórí ẹ̀, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sí 7, ẹ̀rù ń bà yín pé gbogbo ẹ̀ á pòórá. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú mi sì rí nǹkan.

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó máa dùn yín jù bẹ̀rẹ̀. Lógò, àwọ̀, mẹ́nù, gbogbo ohun tójú ń rí yẹn, kò sí èyí tó máa bá yín lọ. JSPUI àti XMLUI, àwọn tó ń gbé ojú pééjì jáde, ni 6 ń lò, wọ́n ti yọ méjèèjì kúrò nígbà tí 7.0 jáde ní 2021, ojú tuntun tí wọ́n fi Angular kọ ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gbé Mirage 2, ìyẹn theme (aṣọ pééjì) ti XMLUI, wọnú 7, owó yín ló fẹ́ jẹ. Ẹ ya fọ́tò àwọn pééjì tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún ẹ máa wò ó kọ́ tuntun, ó parí. Àwọn tísíìsì fúnra wọn àti PDF wọn ò ní níṣòro, inú PostgreSQL (dátábéèsì) àti assetstore (fódà tí àwọn PDF wà) ni wọ́n wà, ẹ ṣáà ti fi pg_dump ṣe ẹ̀dà dátábéèsì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí iná tiwa níbí ẹ mọ̀ ọ́n, ó lè lọ nígbà tí `dspace database migrate`, àṣẹ tó ń sọ dátábéèsì di ti 7, ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àwọn fáìlì tẹ́nì kan ti fọwọ́ kàn tí ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo bá nílẹ̀, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti japa, inú fódà webapps ti Tomcat (sáfà wẹ́ẹ̀bù tó ń gbé DSpace jáde) gan-an ló ti ń tún JSP, àwọn fáìlì pééjì, ṣe, kò sí git tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ pè é, òun náà ò lè rántí. Ẹ lọ wa ojúlówó 6.3 jáde lórí GitHub, 6.3 ni o, kì í ṣe 6.4, ẹ build ẹ̀ sí fódà tiẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá fi `diff -r`, àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ fódà méjì hàn, fi wé tiyín, config sí config, webapps sí webapps. Ohun tó bá yàtọ̀ níbẹ̀ ni àtúnṣe yín, ẹ ò ní òmíì nínú àwọn fódà yẹn. Tiwa gùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ sunkún, àmọ́ nígbà tí mo tú u wò, púpọ̀ ẹ̀ ò ju àlàfo lásán lọ, òmíì jẹ́ nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́, àní báńnà ayẹyẹ kan tó ti kọjá tipẹ́ ṣì wà ńbẹ̀. Mo tò ó sórí pépà, mo gbé e lọ bá àwọn láíbìréríànì, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ṣé ẹ ṣì fẹ́ èyí. Èyí tí wọn ò bá lè sọ ohun tó wà fún, mo gé e dànù, títí dòní kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀.

Tó bá jẹ́ inú dspace.cfg, fáìlì ètò DSpace fúnra ẹ̀, lẹ ti ń tún nǹkan ṣe, ẹ kó o jáde sínú local.cfg tó jẹ́ tiyín, ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ ló máa borí. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn da local.cfg àtijọ́ sínú 7 o, dspace.baseUrl tó ń sọ àdírẹ́sì sáìtì ti lọ, dspace.server.url (àdírẹ́sì sáfà) àti dspace.ui.url (àdírẹ́sì ojú pééjì) ló wà ńbẹ̀ báyìí.

Ti fọ́ọ̀mù wá ńkọ́? Orúkọ súpáfáísọ̀ tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ ò ní lọ síbì kankan, dátábéèsì ló wà. Àmọ́ input-forms.xml tó ń gbé àyè ẹ̀ jáde ti di submission-forms.xml. Àṣẹ kan wà, `dspace submission-forms-migrate`, tó ń bá èèyàn yí ti àtijọ́ padà, mo lò ó, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín ka ohun tó bá gbé jáde láti òkè délẹ̀. Kí n tó gbàgbé, dc.contributor.advisor, àyè orúkọ súpáfáísọ̀, ti wà nínú DSpace láti ilẹ̀ fún ìdí yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ò mọ̀ tí wọ́n fi ń dá tiwọn. Tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ dá tiyín, inú schema (àkójọ orúkọ àyè) tó ń jẹ́ local ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ fi schema dc sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe DSpace.

Ní ọ̀dọ̀ Angular, ẹ má fọwọ́ kan src/app, ibi tí kóòdù tiwọn wà, rárá. Ẹ da src/themes/custom kọ, ẹ fún un lórúkọ tiyín, component (ẹ̀yà pééjì) tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí padà, inú theme yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí gbogbo ẹ̀ sì wà nínú git ní branch (ẹ̀ka) tiyín. Báyẹn, tí wọ́n bá gbé òmíì jáde, ẹ máa kàn merge ni, ìyẹn kẹ́ ẹ da tiwọn pọ̀ mọ́ tiyín. Bíbuild ẹ̀ ń jẹ RAM bí iná ṣe ń jẹ ewé gbígbẹ, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tálákà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo ẹ̀ lórí sáfà mìíràn, kẹ́ ẹ kọ `mail.server.disabled = true` sínú local.cfg tibẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn lẹ́kítọ́ọ̀ láàárín òru. Ẹ wá tísíìsì kan tí àkọlé ẹ̀ ní àmì ohùn, ẹ search ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ́ àti ọ̀ jáde dáadáa. Ẹ tún wo crontab (àkójọ iṣẹ́ tí sáfà ń dá ṣe ní àkókò rẹ̀), àti server.xml, fáìlì ètò Tomcat, wọn ò sí nínú fódà DSpace, diff ò lè rí wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe diff yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín wò ó. Ẹ yọ db.password kúrò nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ o.