Ṣé kọ̀ǹpútà lè máa darí fídíò VHS fún mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn òbí mi àti ìsìnkú màmá àgbà wa wà lọ́wọ́ mi, fídíò VHS tá a fi ń wò wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Wáyà wo ni kí n rà, ṣé láptọ́ọ̀pù náà á lè máa bá mi tẹ play àti rewind tí mo bá ti lọ sùn? Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an. Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ ṣí ìdérí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ wo téèpù inú ẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára ẹ̀, ó ti bu nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tì í bọ fídíò o, torí á ba hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ibi tó ń ka téèpù nínú fídíò, jẹ́, kásẹ́ẹ̀tì tó bá sì tẹ̀lé e náà á kó o. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀.

Tó bá mọ́, ẹ wo ẹ̀yìn fídíò yẹn, ihò yẹ́lò ló ń gbé àwòrán jáde, funfun àti pupa ń gbé ohùn. Láptọ́ọ̀pù ò ní irú ihò yẹn, ẹ bèèrè USB video capture lọ́wọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà, kékeré ni, òun ló ń gba wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá fi OBS Studio gbà á sílẹ̀, sọ́fítíwia tó ń gba àwòrán àti ohùn sórí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan PAL, òun ni ìlànà tẹlifíṣọ̀n tá a lò ní Nàìjíríà, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti Amẹ́ríkà wá, NTSC ni, fídíò yín gbọ́dọ̀ lè ka ìyẹn pẹ̀lú.

Ti pé kí kọ̀ǹpútà máa tẹ play, rárá o. Ohun tó ń jáde nìkan ni wáyà yẹn ń gbé, àṣẹ kankan ò lè gba inú ẹ̀ padà sínú VHS. Ọwọ́ yín tàbí rìmóòtù ni, kásẹ́ẹ̀tì wákàtí 3 á sì gba wákàtí 3 gbáko, kò sí àbùjá. Àwọn tí kọ̀ǹpútà lè darí ni kámẹ́rà Mini DV, ìyẹn tó jáde ní 1995, tó ní ihò FireWire, wáyà kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé àwòrán àti ohùn, òun náà ló ń gbé play, stop, rewind, àmọ́ ẹ fi ààyè sílẹ̀ o, wákàtí kan tó 13GB.

Nǹkan kan tó máa ń dùn mí ni iná tó ń lọ láàárín iṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, fídíò ò ní, nítorí náà inverter ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Kẹ́ ẹ sì ní kí OBS máa tọ́jú ẹ̀ bíi fáìlì MKV, torí tí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, èyí tẹ́ ẹ ti gbà á ṣì máa ṣí, MP4 lè bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ má pẹ́ o, Funai, ilé iṣẹ́ tó ṣe fídíò VHS kẹ́yìn láyé, ti dáwọ́ dúró láti 2016, pátì ti ń wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì tí ò ṣe pàtàkì ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, ẹ gbọ́ bóyá ohùn àti ẹnu jọ ń lọ, kẹ́ ẹ tó ki ti ìgbéyàwó bọ̀ ọ́.