"Àrọ́bá ni baba ìtàn": bí a ṣe ń fi ẹnu ẹbí wá ẹni tó sọnù

Ìbéèrè: Ìyàgbà ni wá. Wọ́n ní ogun Tápà kó ẹ̀gbọ́n bàbá ńlá wa lọ sí Bídà, olú ìlú Tápà, kò sì padà. Orúkọ tí àwọn àgbà ń pè é kò bára mu. Nígbà tí mo wádìí síwájú, wọ́n ní: "Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn." Kí ni wọ́n ń sọ? Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́?

Ìdáhùn:

Òwe yẹn kò pa yín lẹ́nu mọ́ o, iṣẹ́ ló gbé lé yín lọ́wọ́. Àrọ́bá ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n rọ́ fún ẹni tí kò ṣojú rẹ̀, tí òun náà wá ń rọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó fojú rí ogun Tápà kò sí láyé mọ́, nítorí náà àrọ́bá ni gbogbo ohun tí ẹ máa gbọ́ nílé. Òun ni baba, torí pé inú rẹ̀ ni ìtàn inú ìwé ti jáde. Ṣùgbọ́n baba kan a máa bí ọmọ tí kò jọra. Ẹ máa bi ara yín léèrè ní gbogbo ìgbà pé: ta ló rọ́ ọ fún ẹni yìí, kí ni yóò sì rí jẹ níbẹ̀?

Ilẹ̀ àti oyè ló ń ba ìtàn ìdílé jẹ́ jù ní ilẹ̀ Okun, tí Ìyàgbà wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu àwọn tó ń du oyè, ẹ̀ka tó kàn lè di àtọ̀húnrìnwá lójijì, àbúrò sì lè di àkọ́bí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ obìnrin ilé tó ti dàgbà, àwọn tó lọ sílé ọkọ ní ìlú mìíràn. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré, oyè náà kò sì lè kàn wọ́n. Ẹ kí ọlọ́rí ẹbí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa dà bíi pé ẹ ń ṣe amí. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kó wọn jọ sójú kan, ẹni tó dàgbà jù yóò sọ tirẹ̀, àwọn yòókù á ní "bẹ́ẹ̀ ni", ohùn kan ṣoṣo ni ẹ óò sì gbé délé.

Ti orúkọ tí kò bára mu, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jẹ́ òótọ́. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Yóò sọ ọ́ ní Akọ̀wé tàbí Ìdílẹ̀kẹ̀, ọmọ tí ìyàwó náà bí yóò sì gbé orúkọ yẹn bí ẹni pé òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lọ́mọ. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi" tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò bàbá, bàbá ni. Bí ọkùnrin bá sì kú, tí àbúrò rẹ̀ ṣú aya rẹ̀ lópó, àwọn ọmọ yóò dàgbà sábẹ́ orúkọ àbúrò náà. Ìbéèrè tó máa ń tú okùn yìí ni: "Obìnrin wo ló bí i?" Bí ẹbí yín bá ti pín ogún ní ìdí igi rí, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pín in, torí iye ìyàwó bàbá àti ẹni tí kálukú bí ni wọ́n fi pín in. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ka ènìyàn dájú tó ibẹ̀.

Orúkọ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí. Babátúndé tí wọ́n bí ní 1938 ń sọ fún yín pé bàbá àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí i, kò sì sábà jìnnà sí ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá ń jẹ́ Ìdòwú tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìbejì, ọmọ méjì ti sọnù nínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹ béèrè wọn.

Ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ àgbà. Ẹ ní: ṣé ó ti ń lọ sóko nígbà tí òyìnbó ìjọ dé Ẹ̀gbẹ̀? 1908 nìyẹn. Ṣé wọ́n ti bí i nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, ní oṣù karùn-ún 1947? Lẹ́yìn náà, ẹ ka nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún fún ìran kan. Àgbà tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1940, bàbá rẹ̀ á jẹ́ ọmọ nǹkan bí 1910, bàbá bàbá rẹ̀ ọmọ nǹkan bí 1880, ìyẹn ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí agbára Bídà wó ní 1897. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni. Bí ẹnì kan bá to orúkọ mẹ́fà sáàárín, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló tò bíi bàbá àti ọmọ.

Ó ku ohun tí ẹ lè má fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé Bídà ni ogun kó. Nígbà tí Tápà ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, ènìyàn wà lára ohun tí àwọn ìlú ń san fún wọn bí owó òde. Ẹbí mìíràn ló fa ọmọ tirẹ̀ kalẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ní ogun ló kó o. Bí àwọn àgbà bá ń yí ọ̀rọ̀ padà níbi kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ fura síbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "ta ló fà á kalẹ̀?" Ẹ bi wọ́n pé, "Nígbà tó lọ, ta ló kù nílé, ta ló jogún oko rẹ̀?" Ẹni tó bá dáhùn ìyẹn ti sọ púpọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wá a dé ọ̀hún, ẹ mọ̀ pé abúlé oko tí wọ́n ń pè ní tunga, ní àyíká Bídà, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹrú sí. Lẹ́yìn 1897 ọ̀pọ̀ padà sílé, àwọn mìíràn dúró sí Lọ́kọ́jà, àwọn tó ti ní ìyàwó àti oko kò kúrò. Orúkọ ìlú àti èèwọ̀ ìdílé ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe orúkọ ènìyàn, torí ó ṣeé ṣe kí ó ti gba orúkọ Mùsùlùmí. Èèwọ̀ nìkan kò sì tó ẹ̀rí, ìdílé tí kò bára tan lè ní èèwọ̀ kan náà. Àwọn ìwé ìjọba amúnisìn nípa ẹkùn Kábà, tí ilẹ̀ Ìyàgbà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kaduna. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí àwọn olóyè àti agboolé, kò ní rí tálákà púpọ̀, ohun tí àwọn olóyè sì fẹ́ kí òyìnbó gbọ́ ló kún inú wọn.

Bí ẹ bá rí ìdílé kan tí ẹ rò pé tirẹ̀ ni, àyẹ̀wò DNA wúlò, ṣùgbọ́n ẹ yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. Èyí tó ń tọ ọ̀nà bàbá sí ọmọkùnrin ni kí ẹ ṣe, fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan láti ìhà méjèèjì, tí kò sí obìnrin láàárín òun àti bàbá ńlá. Àyẹ̀wò gbogbogbòò lè pàdánù ìbátan tó ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ṣe pé ọmọ ìyá ni ẹ̀gbọ́n yẹn àti bàbá ńlá yín, tí bàbá wọn yàtọ̀, tí àwọn bàbá náà kì í sì ṣe ìbátan, àyẹ̀wò ọ̀nà bàbá kò ní bára mu, àrọ́bá yín kò sì parọ́. Nítorí náà ẹ rí i pé ẹ ti mọ obìnrin tó bí i kẹ́ ẹ tó sanwó àyẹ̀wò.